Ẹ Fi Lọ̀ Mí Kí Ẹ Tó Fi Lọ̀ Pásítọ̀

Lẹ́tà mẹ́rìnlá ló wọlé lọ́sẹ̀ yìí láti Alafiarou àti gbogbo agbègbè Tchaourou. Mẹ́fà nínú wọn ń béèrè ẹni tí yóò san owó máíkì ẹgbẹ́ akọrin tó bàjẹ́. Ẹ lọ bi ẹni tó ń kọ ohùn òkè tí gbogbo iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ. Ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá ewúrẹ́ lè dé ọ̀run. Tó bá jẹ́ èyí tó jẹ ẹ̀gẹ́ tí mo sá síta lánàá ni, rárá. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀gbẹ́ni kan ní òun lọ sí ọjà Arzèkè ní Parakou, òun ra bàtà aláwọ dúdú tó ń dán bí ojú omi, 15,000 fáráǹ, kí àwọn ẹbí àfẹ́sọ́nà òun lè rí òun ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bá gbogbo ìjọ nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán. Sẹ̀lẹ́ ni wọ́n. Ó ní kí ni kí òun fi bàtà ṣe báyìí?

Arákùnrin, ọdún 1947 ni Òṣófà ti dá ìjọ yẹn sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà, àfi ìwọ àti ẹni tó ta bàtà fún ọ, òun náà sì lè mọ̀. Ohun tí wàá ṣe nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ṣáájú gbogbo èèyàn débẹ̀. Bọ́ bàtà náà sí àárín gbùngbùn ẹnu ọ̀nà, kí imú rẹ̀ kọjú síta, débi pé ìyá ìyàwó kò ní lè wọlé láìgbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Bó bá béèrè ẹni tó ni ín, wúkọ́. Má wúkọ́ jù o, wọ́n lè dá ọ dúró gbàdúrà fún títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí o sì jókòó sí tòsí ilẹ̀kùn, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó bọ́ bàtà wọlé ló máa ń rántí èyí tó wọ̀ wá.

Ìyá kan ní ẹ̀rí ọkàn ń da òun láàmú. Aṣọ ìkórè ni wọ́n lọ rà. Bí wọ́n bá ti ń ná ọjà, wọ́n á ní aṣọ náà ti ṣá, pé èyí tí ọ̀rẹ́ àwọn rà ní Kútọnu dára jù ú lọ, kò sì tó owó yìí. “N kò ní ọ̀rẹ́ kankan ní Kútọnu,” ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀.

Ìyá mi, ẹ ṣí Ìwé Òwe, orí 20, ẹsẹ 14. Wọ́n ti rí yín tipẹ́. Oníbàárà kan wà níbẹ̀ tó ń bu ọjà kù lójú ọlọ́jà. Bó ṣe kúrò níbẹ̀ báyìí, ó di yíyangàn. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ parí Bíbélì Yorùbá ní 1884, wọn kò fo ẹsẹ yẹn, ó hàn pé àwọn náà ti ná ọjà rí. Ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́jà fi yín ṣe yẹ̀yẹ́: tiwọn wà ní ẹsẹ 10 àti ẹsẹ 23 orí kan náà, níbi òṣùwọ̀n èké. Ẹni tó fi òòlù lu ìdí agolo gàrí wọnú kí ó tó gbé e wá sọ́jà, kó máa rántí orí náà. Ní tiyín, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tètè wá ọ̀rẹ́ kan ní Kútọnu. Irọ́ náà á di òtítọ́, ẹ ò sì ní pàdánù ẹ̀dínwó.

Ọkọ kan ní Alafiarou, tó fẹ́ ìyàwó láti Ṣakí, ní ìjà wà nílé. Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, òun ń gbàdúrà fún Bẹ̀nẹ̀, ìyàwó ń gbàdúrà fún Nàìjíríà, orí ẹní kan ni wọ́n jọ kúnlẹ̀ sí, èdè kan náà ni wọ́n sì fi ń bẹ Ọlọ́run. Ti ta ni yóò gbọ́?

Ẹ̀gbọ́n, kàlẹ́ńdà ni kí ẹ wò. 10 oṣù kẹfà 2024, ní Àbíjàn, a na Nàìjíríà 2–1. Ọjọ́ Ajé ni, a jèrè. 14 oṣù kẹwàá 2025, ní Uyo, àwa la ń ṣáájú ìsọ̀rí, Ife Àgbáyé ti ń ta sánsán sí wa nímú, ni wọ́n bá kì wá mọ́lẹ̀ 4–0, Osimhen nìkan jẹ mẹ́ta. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ta ló ní ká lọ bá onílé gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Gernot Rohr, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kó wa lọ, òun ló kọ́ Nàìjíríà láti 2016 sí 2021. Òun àti ìyàwó yín, bákan náà ni: wọ́n mọ ibi tí iyọ̀ wà nílé méjèèjì.

Bẹ́ ẹ bá ń wá ẹ̀rí pé Ọlọ́run mọ̀ wá, ẹ rántí Ife Áfíríkà ní Íjíbítì ní 2019. A ta ọ̀mì pẹ̀lú Gánà, a ta ọ̀mì pẹ̀lú Guinea-Bissau, a ta ọ̀mì pẹ̀lú Kamẹrúùnù. A tún ta ọ̀mì pẹ̀lú Mòrókò: eré ń parí lọ, wọ́n gba pẹ́nárítì, Ziyech gbá a mọ́ òpó, a wá fi pẹ́nárítì lé wọn lọ sílé. Bí a ṣe wà lára ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù nìyẹn láìborí ẹnikẹ́ni nínú eré gangan, kí Sẹ̀nẹ́gàl tó fi góòlù kan ṣoṣo jí wa lójú oorun. Ká ní Pọ́ọ̀lù wà láyé ni, ì bá ti kọ ìwé kan sí àwọn ará Kútọnu nípa oore-ọ̀fẹ́ láìsí iṣẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ la sì ń jẹ́ nígbà yẹn! Ní 2022 ni wọ́n sọ wá di Guépards, ẹranko tí kò sẹ́ni tó lè sáré bá a. A sáré dé Uyo lóòótọ́, a sì sáré bọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ pín ẹní. Lọ́jọ́ tí Bẹ̀nẹ̀ bá fìdí rẹmi, ẹ yin ọbẹ̀ ìyàwó yín kí ẹ tó tọ́ ọ wò.

Ìwé tó kàn kúrú. Ọmọkùnrin kan ló kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kó owó jẹ́sì ìdíje Àjíǹde sí, 45,000 fáráǹ. Ó mú 2,000 níbẹ̀ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ó jẹ 7,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ ti tán. Ó ti yá 5,000. Ó ní kí n sọ ẹgbẹ́ tí òun lè fi lé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á gba ọ̀nà Nàìjíríà lóru Àbámẹ́ta. Ó kọ “ìyá mi kò mọ̀” sí ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí ibi tí mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sí.

Ọmọ mi, dá 5,000 yẹn padà fún ẹni tó ni ín lónìí. Owó tó ti lọ kò mọ̀ ọ́ mọ́, àwọn tó ń lé e kiri ni ilé tẹ́tẹ́ fi ń jẹun. Lẹ́yìn náà, lọ bá ìyá rẹ kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Má fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iye owó ni kí o kọ́kọ́ dárúkọ. Wí pé, “Ìyá mi, 45,000 ni,” kí o sì dákẹ́. Wọ́n á pariwo. Jẹ́ kí wọ́n pariwo. Kí ẹ jọ lọ bá alága ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kí ilẹ̀ Àìkú tó mọ́. Àsìkò kajú la wà yìí, àwọn olóko ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣa á. Dá iye tí wàá máa san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó kéré débi tí o ò fi ní yẹ̀ ẹ́, kí alága sì máa gba owó náà lọ́wọ́ olóko tààrà, nítorí ọwọ́ rẹ kò tíì san.

Ní ti ọ̀nà Nàìjíríà, mo mọ ọkùnrin kan tó bá ọ̀nà yẹn lọ nítorí owó tí kò tó èyí. N kò gbọ́ kí ìyá rẹ̀ dárúkọ owó náà rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé alaalẹ́ ni wọ́n ń bu oúnjẹ rẹ̀, tí wọ́n ń dé e, tí wọ́n sì ń dà á fún adìyẹ láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n nu ojú. Eruku ọyẹ́ ni.

Ìwé tó kẹ́yìn ni ti díákónì kan, tó ní arákùnrin kan máa ń jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, nínú bùbá búlúù, tó fi fóònù há àárín Orin Dáfídì. Ní oṣù kẹwàá, ó kígbe “Yéè! Olúwa o!” lẹ́ẹ̀mẹrin, ìjọ sì ń ṣe “Àmín” tẹ̀ lé e, wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e. Ìbáwí wo ló tọ́ sí i?

Díákónì, ẹ rọra, ẹ má ba ọmọlúàbí lórúkọ jẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, bùbá náà kì í ṣe búlúù, aró ni. Èkejì, fóònù náà kò sí nínú Orin Dáfídì rárá. Ẹkún Jeremáyà ni arákùnrin náà ṣí.