Ẹ̀yin Oníròyìn, Mi Ò Tíì Kú O!

Ẹ̀yin tí ń ka ìròyìn lórí rédíò, ẹ̀yin ni mo bá wí. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà lẹ́nu yín tí ń jẹ́ casualty. Díẹ̀ ló kù kó sin mí láàyè.

Bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ láti Ìbàdàn ló takìtì nítòsí Ṣágámù. Ọlọ́run yọ wá. Ìgunpá mi bó, orúnkún mi wú díẹ̀, ṣòkòtò mi tuntun sì ya níbi tí kò yẹ kó ya, èyí tó dùn mí ju ìgunpá lọ. Fóònù mi nìkan ló kú nínú ọkọ̀ náà. Àfi bí rédíò ṣe gbé e pé casualty mẹ́rìnlá ni. Ó parí! Níbí, ẹni tó bá gbọ́ casualty, òkú ló gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá ìyàwó mi ti káwọ́ lérí, àbúrò mi ti ń béèrè ibi tí mo tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí, ọkùnrin tó jẹ mí lówó sì ń sọ kiri àdúgbò pé òun ti san án tán kí n tó lọ. Ẹ ò rí ayé!

Mo bi olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan léèrè. Ó ní ẹ ò jẹ̀bi: ẹni tó kú, casualty ni, ẹni tó fara pa, casualty ni. Ó ní nílùú Ọba, bí ìjọba bá ń ka casualty ojú títì, ẹni tó kú wà níbẹ̀, ẹni tó fara pa gan-an wà níbẹ̀, ẹni tí ọrùn rẹ̀ kàn rọ́ náà wà níbẹ̀. Ti ológun ló wá yà mí lẹ́nu: sójà tó kú, èyí tó gbọgbẹ́, èyí tó sọnù, títí dé èyí tí ọ̀tá mú lóǹdè, casualty ni gbogbo wọn. Ẹni tó jókòó tó ń jẹ ẹ̀wà lọ́dọ̀ ọ̀tá, wọ́n kà á mọ́ ẹni tó ti wọ sàárè! Ta ni ká wá sunkún fún báyìí, ta ni ká ṣe sùúrù dè?

Ilé ìwòsàn tún bu iyọ̀ sí i. Orúkọ yẹn kan náà ni wọ́n ń pe iyàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí ìjàm̀bá bá lójijì. Mo yá fóònù, mo pe ọmọ mi, mo ní, "Casualty ni mo wà." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni nọ́ọ̀sì kan figbe ta lẹ́yìn mi: "Casualty tó kù dà?" Kí ni ọmọ mi máa gbọ́? Tó kú ló gbọ́. Ó ju fóònù sílẹ̀, ó sunkún jáde.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fúnra wọn máa ń ya iye tó kú sọ́tọ̀ kúrò lára iye tó fara pa. Ta ló wá rán yín pé kí ẹ pò wọ́n pọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará wa, ẹ sọ iye tó kú, ẹ sọ iye tó fara pa, kí ẹ sì dárúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wọn lọ. Ẹni tí ẹbí ń sunkún rẹ̀ nílé lè máa wá ẹni tó máa gbé ṣòkòtò wá fún un.