Ọ̀nà Mẹ́ta, Afárá Kan

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ayé òde òní gbọ́ òwe yìí, ó mi orí, ó sì la ọ̀nà mẹ́ta tí gbogbo wọn gba orí afárá kan ṣoṣo.

Ẹ wo ọ̀gá ayàwòrán ní Atakpamé. Ó ya ìgbéyàwó, ó ya ìsìnkú, ó ya ìwúyè. Ẹ bi í léèrè ibi tí àwòrán ọdún mẹ́wàá wà, àyà rẹ̀ á yọ síta: “Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ní!” Ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Ìkejì wà nínú háàdì dísìkì tó so mọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ìkẹta wà nínú fláàṣì tó wà nínú báàgì kọ̀ǹpútà náà. Olè tó bá gbé báàgì yẹn kò ní í wá ẹni tí yóò bá òun rù ú.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa ará Atakpamé ju ẹlòmíì lọ, torí Kamina kò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni Telefunken, ilé-iṣẹ́ Jámánì, ti kọ́ ibùdó rédíò ńlá, kí Berlin lè máa bá àwọn ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ àti àwọn ilẹ̀ tó gbà ní Áfíríkà sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ lóṣù Kẹjọ ọdún 1914, Gẹ̀ẹ́sì gé okùn tẹligiráàfù Jámánì tó gba abẹ́ òkun. Gbogbo ẹrù wá já lé Kamina lórí. Bí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti ń sún mọ́ tòsí, àwọn Jámánì fúnra wọn wó ibùdó náà lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25. Lọ́jọ́ 26, wọ́n túúbá. Àwókù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ẹni tó gbọ́n ju ayàwòrán wa lọ á ní òun ò nílò háàdì dísìkì, Google ń bá òun tọ́jú gbogbo rẹ̀. Ó dáa. Abẹ́ òkun náà ni okùn íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà. Ní 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin já lẹ́bàá Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Fáìlì kò sọnù lọ́jọ́ náà, ẹni tó ni ín ni kò rọ́nà dé ibẹ̀. Ti ẹni tó gbàgbé password ńkọ́, tí nọ́ńbà fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀ sì ti di ti ẹlòmíì?

Ọ̀nà tí a kò rìn, igbó ní ń dí i. Akọ̀wé ìjọ kan fi orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún sórí floppy, ó tì í mọ́ àpótí, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn. Olè kò jí àpótí, floppy kò jóná, àmọ́ kò sí kọ̀ǹpútà kan lọ́jà mọ́ tó lẹ́nu tí yóò fi gbà á. Kí ó má bara jẹ́, ó lẹ́gbẹ́: ní 1986, BBC kó ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí àwo lésà, kò sì pé ogún ọdún tí ẹ̀rọ tó lè kà á fi di ọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀, Ìwé Domesday tí BBC fi ṣe àwòkọ́ṣe, èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ ní 1086, ṣì ṣeé kà.

Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ló polongo ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà lọ́nà jíjìn. Ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú háàdì dísìkì tí ẹ ń yọ kúrò lára rẹ̀ bí iṣẹ́ bá parí. Ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Lomé, tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀rọ bá sì ń yí padà, ẹ tètè ṣí fáìlì àtijọ́ kúrò lórí èyí tó ń kógbá wọlé.

Lálẹ́ òní, ẹ má wulẹ̀ ka iye ẹ̀dà tí ẹ ní. Ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ṣí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.