Ológbò Tó Ń Kó Èrò

Ẹni tó ti ń wọ dánfó ní Òṣòdì láti kékeré, tó wá dàgbà tán kó tó rí My Neighbor Totoro, fíìmù tí Hayao Miyazaki ṣe ní Japan ní 1988, ojú èrò ọkọ̀ ni yóò fi wò ó. Ológbò ẹlẹ́sẹ̀ 12 ni ọkọ̀ ibẹ̀. Ojú rẹ̀ ni iná, irun ara rẹ̀ ni àga. Kò sí kọ́ńdọ́, kò sí "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!", kò sí agbèrò. Ó gbé Satsuki, ọmọbìnrin inú fíìmù náà, dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ gan-an, kò já a sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìsọlọ̀ pé ọkọ̀ ti ń padà. Àwọn ọmọ mi gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ní tèmi, ibi tí Totoro, iwin ńlá, ti dúró nínú òjò tó ń retí ọkọ̀ nìkan ni mo gbà gbọ́.