Ẹ̀yìn Àlejò Ò Sí Mọ́

Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn àlejò la ti ń san án. Àwọn tó pa òwe yìí mọ ilé ayé. Wọ́n mọ̀ pé bí àlejò bá wọlé, onílé á lọ yá adìẹ lọ́wọ́ ará ilé kejì, á yá ẹní tuntun, á ní kí ìyàwó bu epo sí ọbẹ̀ dáadáa, kí ojú má baà ti òun. Bí àlejò bá di ẹrù rẹ̀ tó kọjá ìta, onílé á jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ohun kan ni àwọn àgbà gbójú lé tí kò sí mọ́: nígbà ayé wọn, àlejò máa ń lọ. Àlejò òde òní á wọ ọkọ̀, á dé ibi tó ń lọ, ojú rẹ̀ á ṣì wà nínú ilé rẹ lórí WhatsApp, tòun ti ẹbí, ará àdúgbò àti ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé. Ìgbà wo wá ni onílé fẹ́ rí ẹ̀yìn wọn san gbèsè?

Ẹ jẹ́ ká mú Douala wò, ní Kamẹrúùnù. Ìlú tí èèyàn ń yà sí ni. Ẹni tó ń ti Èkó lọ Yaoundé a máa fẹ́ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kó sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, kó tó wọ bọ́ọ̀sì gba Edéa lọ sí olú ìlú. Kò sí aburú níbẹ̀. Àmọ́ irọ́ méjì ló sábà máa ń pàdé ara wọn ní pápákọ̀ òfurufú.

Irọ́ kìíní, ti onílé ni. Láti ọjọ́ tó ti dé Douala, ẹnu géètì Port autonome de Douala, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó èbúté ìlú náà, ló ti ń ya fọ́tò: akoto lórí, kireni lẹ́yìn, ìwé lábíyá. Ohun tó ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ò ju “Ọlọ́run ń ṣe é” lọ. Ní Ìbàdàn tó ti wá, wọ́n ti fi jẹ ọ̀gá èbúté. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ò burú: ó ń sáré ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù fún àjẹ́ǹtì tó ń bá oníṣòwò kó ẹrù jáde. Ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àlejò wá dé, ó di dandan kó ṣe bí ọ̀gá. Ó yá mọ́tò. Ó yá owó epo tó rọ sínú mọ́tò. Ó ní kí ọmọ òun lọ sùn nílé ọ̀rẹ́ kí àlejò lè rí yàrá. Bendskin, ìyẹn ọ̀kadà ibẹ̀ tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, kò gbọ́dọ̀ yọjú sí àdúgbò títí àlejò á fi lọ.

Irọ́ kejì, ti àlejò ni. “Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, má wulẹ̀ dààmú o, mo kàn fẹ́ fojú kàn ọ́ ni. Lọ́la ni mò ń lọ Yaoundé.” Lọ́la yìí máa ń pẹ́ kó tó dé. Owó tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni séfà tó ṣẹ́kù nígbà tó lọ Kútọnu. Ó ní séfà ni séfà. Rárá o. BCEAO, báńkì àpapọ̀ tó wà ní Dakar, ló ń gbé ti Kútọnu jáde. BEAC, báńkì àpapọ̀ tó wà ní Yaoundé, ló ń gbé ti Douala jáde. Iye kan náà ni méjèèjì, 655.957 sí yúrò kan. Síbẹ̀, owó ọ̀kan ò ra omi tútù lọ́jà èkejì.

Youpwé, létí omi, ni wọ́n lọ jẹ ẹja. Níbẹ̀, ẹja tútù tó bá wù ọ́ lo máa nawọ́ sí. Obìnrin tó ń yan án á fi ata àti òróró pa á lára, á tẹ́ ẹ sórí ẹyín iná, á máa yí i títí awọ rẹ̀ á fi sán. Miondo, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ewé dì tẹ́ẹ́rẹ́, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àlejò nawọ́ sí èyí tó tóbi jù. Kò tíì fi kan ẹnu tó ti ká a sórí fóònù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Èmi àti ọ̀gá èbúté Douala.” Nígbà tí owó délẹ̀, ó ki ọwọ́ bàpò bí ọkùnrin, ó na séfà Kútọnu síta. Obìnrin náà wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rọra gbé e fún onílé. Onílé san án. Owó iléèwé ọmọ ni.

Nígbà tó yá, àlejò lọ Yaoundé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, fóònù onílé ń dún: “Ẹ̀gbọ́n, a rí yín o! Àwa náà ń bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà.”

Bẹ́ẹ̀, èbúté tí wọ́n ń fi ya fọ́tò yẹn ì bá ti kọ́ àwọn méjèèjì lọ́gbọ́n. Ọdún 1999 ni wọ́n dá Port autonome de Douala sílẹ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ létí odò Wouri. Ẹrù orílẹ̀-èdè Ṣáàdì àti ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, tí wọn ò ní etíkun, ibẹ̀ ni wọ́n ń yà sí kí wọ́n tó gbéra lọ N'Djaména tàbí Bangui, ìrìn tó ju 1,000 kìlómítà lọ. Ẹ wá wo bí èbúté ṣe ń gbàlejò. Ọkọ̀ kì í ṣàdédé yọ: ó gbọ́dọ̀ ti ránṣẹ́ ìgbà tó máa dé, ohun tó kó, àti bó ṣe rì sínú omi tó. Bó bá dé, á dúró lójú òkun, nǹkan bí 50 kìlómítà sí ìlú, títí omi á fi kún, tí afọ̀nàhàn tó mọ odò náà á fi wá mú un wọlé. Àpótí ẹrù ní iye ọjọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀; bó bá ti kọjá, owó ń gun orí owó lójoojúmọ́. “Lọ́la ni mò ń lọ” kì í ṣe ìwé ìrìnnà níbẹ̀.

Èbúté náà kì í sì í purọ́ nípa ara rẹ̀. Odò Wouri a máa kó yanrìn àti ẹrẹ̀ wá. Wọ́n ń kó o kúrò, ó ń padà wá, omi ibẹ̀ kò sì jìn tó fún àwọn ọkọ̀ ràgàjì. Wọ́n wá kọ́ èbúté míì sí Kribi, ní ìhà gúúsù, níbi tí omi ti jìn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2018. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilé yìí kò gbà yín, ẹ lọ síbi tó gbà yín. Lóòótọ́, wọ́n yá owó lọ́wọ́ Ṣáínà kí wọ́n tó kọ́ Kribi. Ṣùgbọ́n gbèsè tó di èbúté ṣì ń ṣiṣẹ́. Gbèsè tó di ẹja yíyan, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe òní ni àlejò tí kì í lọ ti ń da Douala láàmú. Ní ọjọ́ 12 Oṣù Keje, ọdún 1884, àwọn ọba Douala, Bell àti Akwa, fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ tí àwọn ń ro àti ibi tí ìlú àwọn wà, tiwọn ni. Kí 30 ọdún tó pé, àlejò ti fẹ́ lé onílé kúrò létí odò. Rudolf Duala Manga Bell, ọmọ ọmọ Ọba Bell tó fọwọ́ síwèé, ló ní àwọn ò ní gbà. Àwọn Jámánì yẹgi fún un ní ọjọ́ 8 Oṣù Kẹjọ, ọdún 1914.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàlejò, ní Douala, ní London, ní Houston, ẹ sọ iṣẹ́ yín bó ṣe jẹ́ kí àlejò tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ iye ọjọ́ tí yàrá yín gbà. Bó bá jẹ́ bendskin lẹ ní, bendskin ni kí ẹ gbé lọ pàdé rẹ̀. Ẹ̀yin àlejò, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ń lọ, ẹ ṣẹ́ owó yín sí ti ìlú tí ẹ ń lọ, ẹ sì jẹ́ kí fóònù wà lápò bí oúnjẹ bá délẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó bá torí òótọ́ bínú, ẹ jẹ́ kó lọ wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n pọ̀ ní Douala.