Adìyẹ Inú Ìkòkò Kò Níye

Ẹ gbọ́ ná, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé wa ní lẹ́sìnnì ló sọ ọ́ lójú mi, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó ní Òyìnbó ní ohun tí wọ́n ń kà, wọ́n sì ní èyí tí wọn kì í kà. Ẹ̀wà ṣeé kà, "beans" ni; ìrẹsì ò ṣeé kà, "rice" ni, ì báà jẹ́ àpò, ì báà jẹ́ hóró kan péré. Mo ní, tíṣà, ṣebí kóńgò kan náà la fi ń wọn méjèèjì lọ́jà! Ó ní kí n máa ṣa ẹ̀wà mi.

Ó ní àga ṣeé kà, tábìlì ṣeé kà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti para pọ̀ di "furniture", ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi "s" sí i nídìí. Bíi tàwọn àga ńláńlá tí wọ́n já sílé ìyàwó yàrá iwájú lọ́jọ́sí. Ẹ wò ó, ṣé ọkọ ẹ̀ ti san owó yẹn tán báyìí? Ẹ jẹ́ n gbọ́ tèmi. "Advice" bẹ́ẹ̀, "information" bẹ́ẹ̀. "News" ní "s" tiẹ̀, síbẹ̀ "is" ló ń tẹ̀ lé e.

Ti "pea" ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà kan, "pease" ni wọ́n ń pè é, wọn kì í kà á, bíi ti ìrẹsì. Àwọn èèyàn gbọ́ ohùn "s" nídìí ẹ̀, wọ́n rò pé ó pọ̀ ni, wọ́n bá gé e kúrò láàárín ọdún 1600 sí 1700, bí "pea" ṣe dáyé nìyẹn. Òyìnbó ṣi í pè, ó di gírámà. Ọmọ ìyá alákàrà kọ "furnitures", wọ́n fi bírò pupa fà á. Ṣé ó dáa?

"Money" náà ò ṣeé kà o, náírà ni kí ẹ kà. Bọ̀dá yàrá ẹ̀yìn ti gbọ́ gírámà yìí tipẹ́. Ẹ bi ìyá onílé bí owó ilé ṣe ń dé.

Bọ̀dá yìí gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ. Tíṣà ní bí adìyẹ bá ṣì ń fẹsẹ̀ rìn, "a chicken" ni, ó ṣeé kà. Tó bá ti di ẹran inú ìkòkò, "chicken" lásán ni, kò níye mọ́. Bọ̀dá wà níbẹ̀, ó ń mi orí. Ìyá onílé sì máa ń ka adìyẹ rẹ̀ lálaalẹ́ kó tó tì wọ́n mọ́lé. Lọ́jọ́ tí kíkà ò pé, òórùn ọbẹ̀ ló tẹ̀ lé dé yàrá ẹ̀yìn. "Mélòó lo pa jẹ nínú adìyẹ mi?" Bọ̀dá nu ẹnu, ó ní, "Màámi, 'chicken' ni mo jẹ o, kì í ṣe 'a chicken'."

Ìyá onílé ò gbọ́ gèésì. Ó ti lóṣòó sẹ́yìn fèrèsé bọ̀dá, ó ń ṣa ìyẹ́ pupa sọ́tọ̀, ó ń ṣa funfun sọ́tọ̀.