Ẹnu Àáké Ni Wọ́n Ń Wò

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Báyìí ni àwọn àgbà wí, wọn kò sì wí i láti fi kọ́ wa bí a ti ń ba irinṣẹ́ jẹ́, bí kò ṣe pé wọ́n mọ̀ pé nígbà tí ohun tí ọkàn ń fẹ́ bá dùn, tí ó sì fara pamọ́ sí ibi líle, ẹni tí ó bá jókòó tí ó ń fi àtàǹpàkò tọ́ irin wò, tí ó ń bẹ̀rù pé àáké òun yóò kúnu, ẹni náà kò tíì ṣe tán àtilá oyin. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà wọ̀nyí bá lè jí dìde lónìí, kí wọ́n sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣe eré RuneScape lórí kọ̀ǹpútà, wọn yóò rí ìran kan tí òwe wọn kò ròyìn: ènìyàn tí ó ń wo ẹnu àáké láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ó ní ìwé ìṣirò fún ẹnu àáké, tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ka èrè tí ẹnu àáké ń mú wá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí oyin kò sì sí lọ́rọ̀ rẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2001 ni Andrew Gower, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti Paul ọmọ ìyá rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn eré yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ Jagex tí ó wà ní Cambridge ni ó sì ń bójú tó o. Ayé àwọn ọba àti oṣó ni, ayé iwin àti dírágónì, irú èyí tí kò lè ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá tí ó ti gbọ́ ìtàn ọdẹ tí ó wọ igbó irúnmọlẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ lè di jagunjagun, ó lè di alágbẹ̀dẹ, ó lè di apẹja tàbí agégi, yóò sì máa pàdé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n jókòó sí ilé tiwọn ní ìlú òkèèrè. Nígbà tí ó di ọdún 2013, tí àwọn àgbà inú eré náà ń ráhùn pé ayé ti bàjẹ́, pé bí nǹkan ti rí láyé àtijọ́ ni àwọn ń fẹ́, ilé iṣẹ́ náà tú àká rẹ̀, ó rí ẹ̀dà kan tí a ti fi pamọ́ láti oṣù Ògún ọdún 2007, ó sì ṣí i fún wọn, a sì ń pè é ní Old School RuneScape. (Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún mẹ́fà péré ni ayé àtijọ́ tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ yìí.)

Igi gígé wà lára ohun tí a kọ́kọ́ ń kọ́ àlejò níbẹ̀. A ó fi àáké idẹ lé e lọ́wọ́, bí ó bá sì ti ń gé e ni oyè rẹ̀ yóò máa lé sí i, tí a ó fi gbà á láyè láti mú àáké mithril ní ìpele 21, ti adamant ní 31, ti rune ní 41, ti dírágónì ní 61. Ìpele tí ó ga jù ni 99, máàkì 13,034,431 ni a ó sì kó jọ kí a tó dé ibẹ̀. Ọgbọ́n burúkú kan ń bẹ nínú ìṣirò yìí, nítorí pé ẹni tí ó bá dé ìpele 92, tí ó ti ń nu òógùn nù, tí ó sì rò pé èbúté ti dé tán, máàkì 6,517,253 ni ó ní lọ́wọ́, ìdajì ọ̀nà gan-an ni ó wà. Láti inú àárẹ̀ yìí ni àwọn amòye ti yọ jáde. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn amòye wọ̀nyí ní irọ́ ni, ọ̀nà kan ni ó wọ̀ ọ́, àwọn sì ti wọ̀n ọ́n.

Wọ́n ti rí i pé ayé náà ní ìlù kan tí ń dún lẹ́ẹ̀kan ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, àti pé kò sí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ìbáà ṣe idà ni ó bani, ìbáà ṣe ẹja ni ó gbé ìwọ̀ mì, àfi bí ìlù náà bá dún. Lórí ìlù yìí ni wọ́n ń jó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹja yá, wọn a ní kí ó mú odó àti ọmọ odó dání lọ sétí odò, kí ó máa gún ewé mọ́ ọ̀dà àbàtà láàárín ìsọ ìwọ̀ kan àti èkejì; kì í ṣe pé ẹja ń jẹ ọ̀dà, kì í ṣe pé ewé ń pe ẹja, bí kò ṣe pé gígún náà ń da ìṣirò eré rú, tí ẹja fi ń jáde ṣáájú àsìkò rẹ̀. Ààyè méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó wà nínú àpò eléré. Bí ẹja bá kún un, òpè a rù wọ́n lọ sí ilé ìfowópamọ́, tàbí kí ó dáná sun wọ́n. Ṣùgbọ́n amòye a dà wọ́n sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé ìrìn-àjò ń jẹ wákàtí, wákàtí sì ni máàkì. Bí ó ti ń ṣe ẹja ni ó ń ṣe igi. Ìbá ṣe pé wọ́n ní akígbe-oríkì láàárín wọn ni, báyìí ni ìbá máa kì wọ́n: Agégi-má-dáná, apẹja-má-jẹ, ọmọ agúnwé-mọ́dà létí odò, akójọ-fi-ṣòfò, aṣòfò-fi-gòkè, ẹja kún àpò kún àgbọ̀n, ọ̀kan kò dé ìkòkò.

N kò bá gbogbo irinṣẹ́ wí. Ìwé ìmọ̀ tí àwọn eléré fi ọwọ́ ara wọn kọ nípa gbogbo igun ayé náà, tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, kún fún làákàyè àti sùúrù. Ìbá wù mí kí ìlú wa kan ní irú rẹ̀ nípa ara rẹ̀. RuneLite pàápàá, ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń gbà wọlé, tí kì í ṣe Jagex ni ó ṣe é, ṣe ènìyàn lóore tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ tì í pa ní ọdún 2018, ariwo àwọn eléré ni ó mú wọn jáwọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń bẹ tí a lè so mọ́ RuneLite yìí, Quest Helper ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti fi ọfà tọ́ka sí ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀, láti kùn ilẹ̀kùn tí a ó ṣí, kí ó sì fi èsì tí a ó fọ̀ hàn wá. Aláwàdà ni àwọn tí ó kọ eré yìí. Alásè kan ń bẹ ní ààfin Lumbridge tí ó ń ké gbàjarè pé ọjọ́ ìbí olówó òun ti pé, òun kò sì ní ẹyin, òun kò ní wàrà, òun kò ní ìyẹ̀fun tí òun yóò fi ṣe àkàrà òyìnbó. Alásè kò tíì la ẹnu, akọni wa ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò wá; ó ń tẹ bọ́tìnì láìdúró kí ẹkún ọkùnrin náà lè tètè kọjá lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó lọ sí òde ijó tí ó bẹ̀wẹ̀ ẹni tí yóò bá a jó.

Láti ibẹ̀, ìṣísẹ̀ kan ni ó kù, òun ni ẹ̀rọ tí ń ṣe eré fúnra rẹ̀ nígbà tí olówó rẹ̀ ń hanrun. Bọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é. Jagex ń lé wọn jáde tọ̀sán tòru, ó ní arẹ́nijẹ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rere ni èmi rí, ẹni tí ó gba ìmọ̀ràn àwọn amòye gbọ́ débi tí ó parí sí. Bí eré bá di ohun tí a gbọ́dọ̀ yára ṣe tán, ta ni yóò tètè ṣe é tán ju ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ?

Ó wá ku àwọn kan tí òwe bá mu. Nígbà tí owó ilẹ̀ Venezuela di ìyàngbò, ní nǹkan bí ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ rí i pé wúrà inú eré yìí níye lórí ju owó ọwọ́ wọn lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń pa dírágónì aláwọ̀ ewéko nínú aginjù tí òfin ti gbà kí eléré pa eléré, wọ́n ń ta awọ àti egungun rẹ̀ gba wúrà, wọ́n ń ta wúrà náà gba dọ́là, wọ́n ń fi dọ́là ra oúnjẹ. Oyin ń bẹ níwájú àwọn wọ̀nyí, wọn kò sì ráyè wo ẹnu ohunkóhun. Kí ni àwọn kan nínú àwọn amòye wá ṣe? Wọ́n kọ ìtọ́sọ́nà gbọọrọ lórí bí a ti lè dọdẹ àwọn ará Venezuela níbi dírágónì kí a sì pa wọ́n, bí ẹni tí ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí a ti kọ nípa eré yìí, n kò rí èyí tí ó burú tó o.

Òfin eré náà ka títa wúrà fún dọ́là sí ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 2015 ni Jagex fúnra rẹ̀ ti ń ta Bọ́ǹdì fún àwọn tí ń ṣe Old School RuneScape: owó gidi ni a fi ń rà á, a ó sì lè tà á fún eléré mìíràn gba wúrà, kí onítọ̀hún fi í san owó ọjọ́ mẹ́rìnlá nínú eré. Nítorí náà ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní London, tí kò ní wákàtí tí yóò fi wá wúrà, yóò yọ nínú owó oṣù rẹ̀, yóò ra Bọ́ǹdì, yóò tà á, yóò fi wúrà ibẹ̀ ra àáké dírágónì, yóò sì mú ọ̀nà igbó pọ̀n láti lọ gé igi tí yóò dà sílẹ̀.