Ìjàpá Ta Ojú Ọ̀bọ fún Ọ̀bọ

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Ọ̀bọ àti gbogbo ẹranko tó ń dáko láti Akínyẹlé dé Ọ̀nà-Àrà.

Lọ́dún náà, oko ṣe dáadáa. Ọ̀yà ní gàrí ní Arúlógun, Òkété ní epo ní Badẹ́kù, Ẹtu ará Lálúpọn kó àgbàdo sínú àká títí ilẹ̀kùn kò fi padé mọ́. Ìjàpá nìkan ni kò roko. Èkó ló lọ. Ìgbà tó máa padà, rélùwéè ló wọ̀ dé Mọ́níyà, ó wọ bàtà funfun, ó gbé fóònù ńlá dání, ó ní kí wọ́n má pe òun ní Ìjàpá mọ́, Ọ̀gá Tóókìn lòun ń jẹ́.

Ó kó wọn jọ sábẹ́ igi oṣè, ó ṣí fóònù. Àwòrán Ọ̀bọ ló wà níbẹ̀: ó dé fìlà, ó wọ jígí dúdú, ó lanu sílẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa.

“Mẹ́wàá péré ló wà láyé,” Ìjàpá wí. “NFT ni. Orúkọ ẹni tó ni ín wà nínú ìwé kan tí gbogbo ayé ń kà, tí ẹnikẹ́ni ò lè pa rẹ́.”

Òkété béèrè bóyá ó ṣeé jẹ. Wọ́n ní kó jókòó.

Ṣé irọ́ ni Ìjàpá pa? Kò purọ́ tán. Ní 2021, àwọn kan ní Amẹ́ríkà gbé 10,000 àwòrán ọ̀bọ jáde, wọ́n pè é ní Bored Ape Yacht Club. Justin Bieber olórin ra ọ̀kan ní oṣù kìíní 2022, owó tó ná an lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tó fi máa di àárín 2023, iye rẹ̀ ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 60 dọ́là. Apá kìíní ìtàn yìí nìkan ni Ìjàpá sọ fún wọn.

“Ẹ ò ní rà á,” ó ní, “apá yín ò ká a. Ráfù la fẹ́ ṣe. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí n fa nọ́ńbà, ẹni tí orí bá gbè ló gbé Ọ̀bọ lọ sílé. Ṣùgbọ́n n kì í gba gàrí fún tíkẹ́ẹ̀tì. Àhunkọ́ìnì, owó orí fóònù tèmi, ni mò ń gbà. Kóńgò gàrí kan, kọ́ìnì mẹ́wàá.”

Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wà nìyẹn. Bí Ìjàpá bá ní kí Ọ̀yà fi kóńgò gàrí ta tẹ́tẹ́, Ọ̀yà á rántí àwọn ọmọ rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni gàrí ń di kọ́ìnì, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń fa nọ́ńbà. Kí Àbámẹ́ta tó pé, Ọ̀yà ti gbàgbé gàrí. Ta ní í sunkún kọ́ìnì tí kò fojú rí rí?

Ìjàpá wá dá orin, wọ́n ń gbè é:

Lílé: Ta ni yóò gb'Ọ̀bọ lọ lÁbámẹ́ta?
Ègbè: Èmi ni, pe orúkọ mi!
Lílé: Ta ni yóò bu gàrí wá pààrọ̀?
Ègbè: Èmi ni, pe orúkọ mi!
Lílé: Tíkẹ́ẹ̀tì kan ò tó, ta ló ra ogún?
Ègbè: Èmi ni, pe orúkọ mi!

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ. Ìjàpá gbé e gun ọ̀kadà yí Mọ́níyà ká. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan tó ń jẹ́ Àdàbà77 láti Kútọnu ló jẹ. Lọ́sẹ̀ kẹta, ará Kútọnu náà ni. Kò sẹ́ni tó mọ Àdàbà77 rí, àmọ́ Yánníbo ti ń lo fóònù mẹ́ta. Àwọn oníráfù irú èyí kan wà lókè òkun tó ń jẹ́ kí èrò rí bí nọ́ńbà ṣe jáde. Abẹ́ ìkarahun ni Ìjàpá ti ń fa tirẹ̀.

Ìròyìn kan Ọ̀bọ lóko rẹ̀ ní Ejíòkú. Ó gbéra, ó dé Mọ́níyà, ó wo fóònù Ọ̀kẹ́rẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n Ìjàpá, ojú mi rèé.”

“Àbúrò mi, ojú rẹ ni. Ìwọ kọ́ lo ni ín.”

“Ìgbà wo ni mo tà á?”

“O ò tà á. O ò forúkọ sílẹ̀ ni.”

Ọ̀bọ fọwọ́ pa imú ara rẹ̀, ó wo fóònù, ó tún fọwọ́ pa imú. Ó béèrè ohun tí òun lè ṣe sí i. Ìjàpá gbọ́wọ́ lé e léjìká: “Torí pé ọmọ ìyá ni wá, màá ta tíkẹ́ẹ̀tì méjìlá fún ọ lówó mẹ́wàá. Bí orí bá bá ọ ṣe é, wàá jẹ ara rẹ.”

Ọ̀bọ sáré padà sóko, ó ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì gbó, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àdàbà77 ló tún jẹ.

Ibà wá mú ọmọ Ẹtu. Ẹtu ní irinwó kọ́ìnì, ó fẹ́ kó di àgbàdo padà. Ìjàpá ní kò burú, kó kọ́kọ́ gbé àpò àgbàdo kan wá fún owó gáàsì, ìyẹn owó tí wọ́n ń san kí kọ́ìnì tó kúrò lójú kan.

“Ẹ yọ ọ́ nínú èyí tí mo ní lọ́wọ́ yín.”

“Rárá o, Ìyá Ẹtu. Tuntun la fẹ́.”

Ó gbé e wá. Ilẹ̀ mọ́, fóònù gbogbo ẹranko funfun báláú.

Ni wọ́n bá ya lọ sílé Ìjàpá, àmọ́ Ìjàpá ti sá lọ. Wọ́n bá àga, wọ́n gbé àga. Wọ́n bá ilẹ̀kùn, wọ́n tú ilẹ̀kùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín ẹranko o. Ní oṣù kẹrin 2025, nígbà tí CBEX, ètò sogúndogójì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, dẹnu kọlẹ̀, ohun tí ọmọ èèyàn ṣe ní ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó nílùú Ìbàdàn nìyẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n ní káwọn tí owó wọn há síbẹ̀ tún san 100 dọ́là tàbí 200 kí wọ́n tó lè gba owó wọn. Bẹ́ẹ̀, owó wa ti há sínú MMM, irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, láti oṣù kejìlá 2016.

Igbín nìkan ni gàrí rẹ̀ pé. Láti Àkànràn ló ti ń bọ̀, ọjọ́ tí Ìjàpá sá lọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ni. Kì í ṣe ọgbọ́n, ẹsẹ̀ ni ò yá.

Ẹkùn ọba pe ìpàdé. Ó ka òfin ìdókòòwò ti 2025 sí wọn létí: ẹni tó bá gbé irú ètò gbájúẹ̀ owó bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 àti ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà ń dúró dè é. Ó kà á ketekete. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ nọ́ńbà tuntun tí Ìjàpá ń lò, torí òun náà ní kọ́ìnì díẹ̀ níbẹ̀.

Nínú àlọ́ àwọn bàbá wa, ibí yìí ni ẹ̀yìn Ìjàpá ti máa ń fọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fọ́. Àwòrán Ẹyẹlé ló ń tà báyìí, ó ti yí orúkọ kọ́ìnì padà. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀dọ̀ yín ló forí lé o. Ẹ ti ilẹ̀kùn àká yín.